Kíkó àwọn ọmọ àkàndá lọ kẹ́kọ̀ọ́ nínú igbó: kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Abẹ́Igi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kíláàsì àwọn ọmọ àkàndá ni mò ń darí. Ọmọ 12 ni wọ́n, láti ẹni ọdún 6 sí 10. Láti sáà tó ń bọ̀, a fẹ́ máa kó wọn lọ sínú igbó kékeré kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ la máa fi rìn débẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú 10 lọ.

Bí wọ́n ṣe rí nìyí. Àwọn 3 ní ọ́tísíìmù. Ọ̀kan nínú wọn kì í sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì tó ṣẹ́jú báyìí, ó ti sá lọ. Ọ̀kan ní wárápá. Ọ̀kan wà lórí àga onítáyà. Ọ̀kan ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn létí méjèèjì. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ohunkóhun tọ́wọ́ rẹ̀ bá bà, ẹnu ló ń gbà. Ní ti àwọn yòókù, ọkàn wọn kì í pa pọ̀ sójú kan, ìwé kíkà sì ń ni wọ́n lára. Àgbà 4 la jẹ́.

Ètò tó wà nílẹ̀: wákàtí 3, ìrìn káàkiri, ewé kíkó jọ, iná dídá, ká wá fi ọ̀bẹ gbẹ́ igi. Kí ló kù tí mi ò rò sí?

Onígbó_Àgbà

Ẹ kú ìmúra. Ẹ gé wákàtí 3 yẹn sí ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀sẹ̀ 3 àkọ́kọ́, láìka ìrìn àlọ àtàbọ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ lè gbà á o, ẹ̀yin àgbà ni ẹ ò tíì mọ ohun tí igbó máa yí padà lára ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ń jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì lè di asáré níbẹ̀, alariwo sì lè dákẹ́ rọ́rọ́. Iná àti ọ̀bẹ, ẹ gbé wọn tì títí di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó kéré tán.

Ibì kan náà ni kẹ́ ẹ máa lọ, lemọ́lemọ́. Dẹ́ńmáàkì ni ọ̀nà ìkọ́ni yìí ti gbilẹ̀. Lọ́dún 1993, àwọn kan láti Bridgwater College nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ wò ó lọ́hùn-ún, wọ́n sì gbé e wálé. Ohun tí gbogbo àwọn tó ń ṣe é fẹnu kò sí ni pé ìrìn àjò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́. Ọ̀nà kan náà, ibi ìjókòó kan náà, orin ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, orin ìparí kan náà. Ọmọ tó ti mọ bí nǹkan ṣe máa parí ló máa ń ráyè wo ohun tuntun.

Kẹ́ ẹ tó mú ọmọ kankan dé ibẹ̀, ẹ lọ wo igbó náà fúnra yín. Ẹ gbójú sókè kẹ́ ẹ wo ẹ̀ka gbígbẹ, pàápàá èyí tó ti kán tó wá há sáàárín igi. Ẹ wolẹ̀: ihò, ìgò fífọ́, ilé agbọ́n, ìtàkùn tó ń kọ́ni lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ibi tí orí ọmọ ọdún 6 dé, torí ibẹ̀ ni ẹ̀gún àti ẹ̀ka tín-ín-rín ti ń gún ni lójú. Àárín igbó ni kẹ́ ẹ ti dán fóònù yín wò, ẹ má ṣe é lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ nọ́ńbà ojú ibẹ̀ lórí máàpù sílẹ̀, ẹ kọ ẹnu ọ̀nà tí áńbúláǹsì lè gbà, ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tíṣà_Ojoojúmọ́

Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ka orí. Ẹni tó ń darí kì í sí nínú ìṣirò, torí gbogbo ẹgbẹ́ lojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára wọn. Ọmọ tó ń sá ní àgbà tirẹ̀. Àga onítáyà ní àgbà tirẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ò bá ti tẹ́jú. Ó wá ku àgbà kan fún ọmọ 10, tí ẹni tó ní wárápá àti ẹni tó ń kó nǹkan sẹ́nu sì wà lára wọn. Tí ọmọ kan bá ní òun fẹ́ tọ̀, ta ló máa sìn ín lọ?

Ẹ pín wọn sí 6 àti 6, kí ìkọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ewé_Ọdán

Pípín dáa, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọmọ tó ń sá àti ọmọ orí àga sínú ẹgbẹ́ kan náà. Nǹkan méjèèjì tó ń gba àgbà ò gbọ́dọ̀ pàdé lọ́jọ́ kan.

Ẹ lè gba àwọn òbí láti ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí òbí má ṣe wà pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀ láwọn ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Ara òbí lọmọ náà máa lẹ̀ mọ́, kò sì ní wo igbó rárá. Kẹ́ ẹ sì má fa ọmọ tó ń sá lé olùrànlọ́wọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́. Ẹni tó mọ àmì rẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀, ẹni tó mọ̀ pé tó bá ti ń yí orí padà báyìí, tó wá ń fẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀, ó kù díẹ̀.

Lórí ọ̀nà àga, ẹ da ẹ̀rún igi sórí ẹrẹ̀, ó máa gbẹ dáadáa.

Ìyá_Alákíyèsí

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ọmọ tó ń sá, torí òun lewu rẹ̀ pọ̀ jù nínú ohun tẹ́ ẹ kọ.

Ẹ fi rìbọ́nì tó mọ́lẹ̀ yòò (pupa tàbí búlúù, ewé ò ní jẹ́ kí àwọ̀ ewé hàn) yí ibi tẹ́ ẹ máa lò ká. Kó wà ní gíga ojú ọmọ, láti igi dé igi, kí igi kan àti èkejì má jìnnà ju mítà 4 lọ. Ọmọ gbọ́dọ̀ lè dúró ní rìbọ́nì kan kó sì rí èyí tó kàn. Ẹ mú wọn rìn yí i po lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí olúkúlùkù fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ̀ pé rìbọ́nì ò dá ẹnikẹ́ni dúró. Ó kàn ń sọ ibi tí ààlà wà fún ọmọ tó fẹ́ mọ̀ ni.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ibi tẹ́ ẹ bá yàn ló máa ṣe iṣẹ́ ju rìbọ́nì lọ. Ẹ wá ibi tó ní ẹnu ọ̀nà kan, tí igi wẹ́wẹ́ tàbí òkè sì dí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wo odò, adágún, kòtò omi, kànga tó wà nítòsí, kódà tó bá wà lẹ́yìn ọgbà ẹlòmíì. Omi ń fa ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù mọ́ra, ibẹ̀ sì ni ọmọ tó sá lọ ti ń kú. Àgbà tó dúró sí apá omi ò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹlòmíì ti rọ́pò rẹ̀. Bí ọmọ bá sọnù, omi tó sún mọ́ jù lẹ máa kọ́kọ́ sáré lọ, kẹ́ ẹ tó wo ibikíbi mìíràn. Ẹnì kan á sáré, ẹnì kan á pe nọ́ńbà pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀, ẹnì kan á kó àwọn yòókù jókòó, á sì kà wọ́n.

Ẹ kọ́ wọn ní eré ìpè ní pápá ìṣeré ilé ìwé kẹ́ ẹ tó lọ: àgbà á ké “Ó dà?”, àwọn ọmọ á dáhùn “Èmi rèé!”, wọ́n á sì sáré padà. Fún ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, agogo kékeré tàbí fèrè, kí nǹkan tó fẹ́ràn sì wà ní òpin rẹ̀ nígbà gbogbo. Tẹ́ ẹ bá pè é padà, tó dé, tẹ́ ẹ wá ní “ó yá, a ti ń lọ sílé”, ìpè yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìpè márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan péré ni kó jẹ́ ti ìlọsílé.

Tíṣà_Ojoojúmọ́

Ṣé okùn ọwọ́ ńkọ́, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ ọmọ àti àgbà?

Ìyá_Alákíyèsí

Lójú títì, bẹ́ẹ̀ ni, tí òbí bá fọwọ́ sí i, tí ọmọ náà sì ti mọ̀ ọ́n lára tẹ́lẹ̀. Nínú igbó, rárá. Á kọ́ ẹ̀ka, á gbé ọmọ ṣubú, kò sì sí ohun tí ọmọ máa kọ́ níbi tí wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀.

Ewé_Ọdán

Èmi ò gbà pé “rárá” ni. Láàárín ọ̀nà tóóró tó bá etí omi kọjá, mo yan okùn. Ẹ tú u nígbà tẹ́ ẹ bá dé ibi ìjókòó. Ọmọ tó wà láàyè ló ń kọ́ nǹkan.

Físíò_Ọmọdé

Ẹ dákun, Ewé_Ọdán, ọ̀rọ̀ ẹ̀rún igi yẹn ni mo fẹ́ tún ṣe. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ lásán ni, ó dáa. Àga onítáyà ní táyà kéékèèké méjì níwájú, inú ẹ̀rún igi tó fúyẹ́ ni wọ́n sì ń rì sí, àga á dúró gbagidi, ọmọ á sì fì síwájú. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ kó le ló dáa. Bí apá ò bá ká a, ẹ wá ilẹ̀ líle tí ewé díẹ̀ bò, kẹ́ ẹ sì lo ibẹ̀.

Ìwọ̀n tẹ́ ẹ máa lò: ọ̀nà tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90 ó kéré tán, 120 ló dẹrùn. Ibi tí àga ti máa yí padà, mítà kan ààbọ̀ ní ìbú àti òòró. Ìgòkè tí kò ju mítà 1 sórí mítà 12 lọ. 1 sórí 20 ló jẹ́ pé ọmọ lè fúnra rẹ̀ ta àga lọ. Tí ilẹ̀ bá rọ̀ tàbí gbòǹgbò bá wà, ẹ yí àga padà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn kí táyà kéékèèké kúrò nílẹ̀, ẹ wá fà á lọ sẹ́yìn lórí táyà ńlá. Bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ wà ní dídè. Ẹ sọ fún ọmọ náà kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, gbogbo ìgbà. Àga oníbátìrì, ẹ má gbé e pẹ̀lú ọmọ lórí rẹ̀ láéláé, ó wúwo jù. Aṣọ òjò gígùn, ẹ tẹ etí rẹ̀ sábẹ́ itan ọmọ kí táyà má baà ká a.

Ọmọ tí kì í rìn kì í tètè móoru, òtútù á ti mú un kí ẹ̀yin tó ń rìn káàkiri tó mọ̀ rárá. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́ lẹ máa fi mọ̀ ọ́n o, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn tàbí ikùn rẹ̀. Ẹ yí ìjókòó rẹ̀ padà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó pẹ́ tán, kí ara rẹ̀ má baà dégbò.

Kí ló máa ṣe níbẹ̀? Ẹ má jẹ́ kó di òǹwòran. Ẹ gbé ilẹ̀ wá bá a: tìréè tó kún fún ewé jíjẹrà, kòkòrò àti ilẹ̀ lórí itan rẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí àti gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dùbúlẹ̀ sórí tapólì tàbí nínú ibùsùn okùn tí wọ́n so mọ́ igi, ẹ bi físíò tó ń tọ́jú rẹ̀ léèrè kẹ́ ẹ tó ṣe é, torí ibùsùn okùn ń ká ìbàdí pọ̀, egungun ìbàdí ọmọ mìíràn sì ti kúrò lójú ibi tó yẹ kó wà.

Ẹ̀yin Abẹ́Igi, ṣé ọmọ tó ní Down syndrome (ipò kan tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ) wà lára àwọn yòókù? Tó bá wà, ẹ má jẹ́ kó tàkìtì lórí igi tó wà nílẹ̀, torí egungun ọrùn wọn lè má dì mú dáadáa. Tọ́rùn bá ń dùn ún, tó ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí ìrìn rẹ̀ yí padà, ọ̀dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀.

Abẹ́Igi

Ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀kan wà lóòótọ́. Mo máa bá àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́.

Lórí wárápá: ẹnì kan sọ pé oòrùn tó ń yọ láàárín ewé lè mú kó gbé e, pé ká má mú un dé abẹ́ igi rárá. Òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì_Ọmọ

Ìdajì òótọ́ ni. Nínú ẹni 100 tó ní wárápá, bíi 3 ni ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú máa ń ṣe irú ẹ̀ fún. Fún àwọn yẹn, rírìn kọjá lẹ́bàá ọ̀wọ́ igi tí oòrùn ń yọ láàárín wọn lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ bi òbí bóyá ọmọ náà wà lára wọn. Tó bá wà, fìlà tó ní etí níwájú, ẹ sì kọ́ ọ pé tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń ṣe é bákan, kó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan pátápátá. Pé kó dijú méjèèjì ò tó, torí ìmọ́lẹ̀ ń gba ìpéǹpéjú kọjá. Tí kò bá sí lára wọn, ẹ jẹ́ ọmọ náà lọ sábẹ́ igi.

Tó bá gbé e: ẹ wo aago lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ kó igi àti òkúta kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀. Ẹ má dì í mú, ẹ má sì ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu: ṣíbí, ìka, omi, gbogbo rẹ̀. Tí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Oògùn pàjáwìrì rẹ̀, ẹ tẹ̀ lé ohun tó wà nínú ìwé ètò tirẹ̀. Tí kò bá sí àkọsílẹ̀ tó yàtọ̀, ìṣẹ́jú 5 ni kẹ́ ẹ ti pe áńbúláǹsì. Oògùn yẹn, ara ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà, ẹ má fi í sínú mọ́tò tàbí báàgì tó wà lábẹ́ igi kan lọ́hùn-ún. Midazolam tí wọ́n ń fún sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò fẹ́ ooru tó ju dígírì 25 lọ, kò sì fẹ́ fíríìjì.

Kí àgbà kejì ti mọ eré tó máa fi kó àwọn yòókù kúrò níbẹ̀. Ọmọ tó jí tó bá ojú 11 lórí rẹ̀, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀ láti padà wá.

Nǹkan mẹ́ta mìíràn tí àwọn olùkọ́ kì í sábà mọ̀:

Àwọn oògùn kan kì í jẹ́ kí ọmọ làágùn. Topiramate àti zonisamide tí wọ́n ń lò fún wárápá wà lára wọn, àti glycopyrronium tí wọ́n ń lò fún itọ́ dídà. Lọ́jọ́ oòrùn, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbóná jù, kẹ́ ẹ má sì rí òógùn kankan. Ibòji, omi mímu, ẹ tú aṣọ tó nípọn.

Ìpara tó ń mú awọ rọ̀, bóyá tó ní paraffin tàbí kò ní, tó bá ti fà sínú aṣọ, aṣọ yẹn á tètè gbiná, fífọ̀ kì í sì í yọ ọ́ tán. Ẹ béèrè ta ló ń lò ó kẹ́ ẹ tó dá iná ọjọ́kọ́jọ́.

Oyin àti agbọ́n: bí ọmọ tó ní àlájì bá ní abẹ́rẹ́ adrenaline, méjì ni kó wà. Ẹ gún un sí ìta itan, láàárín, aṣọ lè wà lára. Kó dùbúlẹ̀, kó má dìde rìn. Ẹ pe áńbúláǹsì. Tí kò bá sàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ lo èkejì.

Ewé_Ọdán

Àti eégbọn. Epo tàbí kẹrosíìnì díẹ̀ lórí rẹ̀, á jáde fúnra rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ọmọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má sì fi iná jó o. Tẹ́ ẹ bá dà á láàmú, ó lè pọ ohun tó wà níkùn rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ẹ̀mú tó ní ẹnu tín-ín-rín lẹ máa lò: ẹ mú un níbi tó sún mọ́ awọ jù, ẹ fà á sókè tààrà, díẹ̀díẹ̀, láì yí i. Ẹ fọ ojú ibẹ̀, ẹ kọ déètì sílẹ̀, ẹ sọ fún òbí. Ẹ̀yìn etí, abẹ́ irun, abíyá, ẹ̀yìn orúnkún àti ìdí ni wọ́n ti ń lẹ̀. Nílé ni òbí ti máa wo èyí tó kẹ́yìn.

Olùkọ́_Adití

Ọmọ tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kò ní ìṣòro púpọ̀ nínú igbó, tẹ́ ẹ bá mọ ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ ẹ̀yìn sí oòrùn nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, torí oòrùn ń wọ̀ wọ́n lójú. Òjìji dúdú ló máa ń rí, ètè yín á ṣókùnkùn. Ẹ̀yìn ọmọ ni kí oòrùn wà, kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí ojú tiyín. Ìrùngbọ̀n, ọwọ́ lẹ́nu, ìbòmú: gbogbo rẹ̀ ń dí ètè.

Atẹ́gùn ń hó nínú ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré tí olùkọ́ ń fi kọ́ àyà, tí ó ń gbé ohùn lọ sínú ẹ̀rọ ọmọ tààrà, ń ṣèrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí láti pa á nígbà tẹ́ ẹ bá ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀. Fìlà onírun tó tẹ̀ mọ́ etí á mú kí ẹ̀rọ máa ké fíì-fíì. Òjò díẹ̀ ò ní pa á, omi tó rọ́ wọnú rẹ̀ ni. Ẹ mú bátìrì àfikún àti ike gbígbẹ tó ní ìdérí dání.

Fèrè ò tó fún ìpè. Ẹ fi àsíá tó mọ́lẹ̀ kún un. Kẹ́ ẹ sì jókòó ní òbìrípo, kí gbogbo ojú máa rí gbogbo ojú. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á di igi kan mú, kí ọmọ mọ ibi tó máa wò.

Tíṣà_Ojoojúmọ́

Ọmọ tó ń kó nǹkan sẹ́nu: ẹ tẹ́ tapólì fún un, kí ọwọ́ rẹ̀ má kan ilẹ̀, ẹ sì fi sànítáísà nu ọwọ́ rẹ̀ lóòrèkóòrè.

Onígbó_Àgbà

Sànítáísà kì í ṣiṣẹ́ lórí ọwọ́ tó ní ẹrẹ̀, kì í sì í pa ẹyin aràn. Omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni. Kẹ́ẹ̀gì tó ní ẹnu ẹ̀rọ tí lítà 10 omi wà nínú rẹ̀ máa tó fún ọmọ 6.

Tapólì wulẹ̀ ń rán ọmọ náà níṣẹ́ láti wá ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ohun tó dáa jù ni kẹ́ ẹ wẹ ilẹ̀ ibi ìjókòó mọ́ kí wọ́n tó dé. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ fọwọ́ wá a: olú, èso wẹ́wẹ́, ìgbẹ́ ẹranko, ike, ìdérí ìgò. Olú ń hù ní òru kan, torí náà ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ò kan tòní. Ẹ fún un ní ohun tó lè jẹ lẹ́nu láì gbé mì, irú rọ́bà tí OT (amòye tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti ṣe nǹkan ojoojúmọ́) ń júwe, kẹ́ ẹ so ó mọ́ okùn tó ń já fúnra rẹ̀ tí nǹkan bá kọ́ ọ. Tó bá sì gbé ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀ mì, ẹ mú ìyókù rẹ̀ dání lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má fipá mú un bì.

Ìyá_Alákíyèsí

Lórí káàdì àwòrán: ojú igbó yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ yà á. Ẹ má lo àwòrán igbó inú íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ á dé ibẹ̀, á rí i pé kò jọra, wàhálà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwòrán 6 tó: géètì, ọ̀nà, ibi ìjókòó, iṣẹ́ òní, fífọ ọwọ́, géètì padà. Lámínéètì tó ń dán ń tàn lójú nínú oòrùn, èyí tí kò dán ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má sì lo àwọn tó ń lẹ̀ mọ́ra wọn bíi ti bàtà (Velcro): ẹrẹ̀ àti irun ewé ń dí wọn, wọn ò ní lẹ̀ mọ́. Ẹ gún ihò sí káàdì, ẹ fi òrùka kó o jọ.

Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, tó bá ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ mú un lọ, òjò ò ní kí ọmọ má sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí pátákó tó ní àwòrán wà ní àfikún: “sí i”, “dúró”, “lọ”, “ràn mí lọ́wọ́”, “wò ó”, “mi ò fẹ́”. Àwọn olùkọ́ máa ń fi orúkọ ewé àti ẹyẹ kún un. “Mi ò fẹ́” ló máa wúlò ju orúkọ ẹyẹ 20 lọ.

Aláròjinlẹ̀

Fún àwọn tí ọkàn wọn kì í pa pọ̀, mo kà pé ìrìn ìṣẹ́jú 20 nínú ọgbà igi ń ṣe bí oògùn. Ṣé àwọn òbí ò ní lè dá oògùn dúró lọ́jọ́ igbó?

Nọ́ọ̀sì_Ọmọ

Rárá o. Iṣẹ́ ìwádìí Faber Taylor àti Kuo ní 2009 lẹ ń sọ. Ọmọ 17, ọdún 7 sí 12. Lóòótọ́ ni wọ́n ṣe dáadáa nínú ìdánwò ìfọkànsí lẹ́yìn ìrìn nínú ọgbà ju lẹ́yìn ìrìn nígboro. Ṣùgbọ́n ọmọ 17 ni, ìrìn kúkúrú ni, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kí wọ́n dá oògùn dúró. Dókítà ló ń yí oògùn padà. Iṣẹ́ tó wúwo ló ń ran àwọn wọ̀nyẹn lọ́wọ́ jù: kí wọ́n fi okùn fa ìtì igi, kí wọ́n gbé garawa omi tó kún dé ìdajì, kí wọ́n gbẹ́lẹ̀. Ẹ fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú ohun tó ń béèrè ìjókòó, ẹ má fi í kẹ́yìn.

Abẹ́Igi

Ẹ kú làálàá. Mo ti pín wọn sí méjì, ìṣẹ́jú 45. Tí a bá dé ọ̀sẹ̀ kẹfà, báwo ni ká ṣe gbé iná àti ọ̀bẹ wọlé? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́, àti òjò?

Onígbó_Àgbà

Iná: ìjókòó gbọ́dọ̀ jìnnà sí etí iná tó mítà 2. Kò sẹ́ni tó ń gba àárín kọjá, ẹ̀yìn ìjókòó ni wọ́n ń gbà. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe é láìsí iná, kí igi gbígbẹ kàn wà láàárín lásán, títí ara wọn á fi mọ́ ọn. Ọmọ tó bá sún mọ́ iná á kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ẹsẹ̀ kejì nílẹ̀, kó lè fà sẹ́yìn kíá. Ọmọ orí àga ò lè kúnlẹ̀: igi gígùn ni tirẹ̀, búrékì àga ní títẹ̀, kí àgbà dúró sẹ́yìn rẹ̀. Garawa omi méjì ti wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣá ìṣáná. Bí iná bá jó ọmọ, omi tútù tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 20; ẹ má fi òróró tàbí yìnyín sí i.

Ọ̀bẹ: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó èèpo iṣu ánàmọ́. Ó ń bó èèpo igi tútù dáadáa, kò sì lè wọlé jìnnà. Àgbà kan sí ọmọ kan. Ìbọ̀wọ́ máa ń wà lọ́wọ́ tó di igi mú, ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ kì í wọ̀ ọ́, torí á máa yọ̀. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ò lágbára, ẹ fi rọ́bà fóòmù wé ọwọ́ ọ̀bẹ kó nípọn, ẹ sì fi ẹ̀mú ńlá di igi náà mọ́ tábìlì. Ọmọ tó ní wárápá lè ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ àgbà lórí ọwọ́ rẹ̀.

Òjò kì í dí wa lọ́wọ́, ìjì ni. Tí ẹ̀ka ńláńlá bá ti ń mì, tí agbòòrùn sì ṣòroó dì mú, ìyẹn ni agbára 6 lórí òṣùwọ̀n Beaufort tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn, kìlómítà 39 sí 49 ní wákàtí kan. A kì í wọgbó mọ́ nígbà yẹn. Kẹ́ ẹ sì tún lọ wo òkè igi lẹ́yìn ìjì kẹ́ ẹ tó padà.

Físíò_Ọmọdé

Ní ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń pinnu gígùn ọjọ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọmọ tó ń wọ ìlédìí kò gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ sí ilẹ̀ lásán, kódà tó bá jẹ́ ọmọ ọdún 6. Àgọ́ kékeré tó ń ṣí fúnra rẹ̀, máàtì tó ṣeé nù, ìbọ̀wọ́ tí kì í ṣe látẹ́ẹ̀sì (irú rọ́bà kan). Ìyẹn ṣe pàtàkì fún ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ò pa dé, ọ̀pọ̀ wọn ló ní àlájì sí látẹ́ẹ̀sì. Tó bá jẹ́ pé gbígbé ni wọ́n ń gbé ọmọ náà, àgbà méjì. Bí ẹ ò bá rí ètò yẹn ṣe nínú igbó, ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú 45 dúró bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ padà sílé ìwé.

Ewé_Ọdán

Ìkan péré: ẹ ka orí lẹ́nu géètì ilé ìwé, ní géètì igbó, ní ibi ìjókòó, lẹ́yìn gbogbo ìyípadà iṣẹ́, àti nígbà àbọ̀. Lójú ọ̀nà, àgbà kan níwájú, kan lẹ́yìn, àga sì wà lẹ́yìn ẹni iwájú kí gbogbo èèyàn máa rìn ní ìwọ̀n ìrìn rẹ̀. Ọmọ tó ń sá àti àgbà tirẹ̀ wà láàárín, ní apá tó jìnnà sí mọ́tò.